“Ẹ Gbà, Ẹ Fi Wọkọ̀”: Owó Ọkọ̀ Olùtọ́jú Aláìsàn Kì Í Ṣe Ọrẹ Àánú

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní Ìbàfò, àwọn obìnrin kan, àti ọkùnrin díẹ̀ láàárín wọn, a ti máa dúró létí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ń na ọwọ́ sí ọkọ̀. Nínú báàgì wọn ni ìbọ̀wọ́ rọ́bà wà, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, aṣọ iṣẹ́ kan àti oúnjẹ ọ̀sán. Ọjà kọ́ ni wọ́n ń ná. Ilé bàbá tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ ni wọ́n ń lọ, ilé ẹni tí àtọ̀gbẹ gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ilé ìyá arúgbó tí iyè rẹ̀ ti rà débi pé kò dá ọmọ tó bí mọ̀ mọ́. Wọn yóò wẹ̀ wọ́n, wọn yóò pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn, wọn yóò bọ́ wọn lóúnjẹ, wọn yóò fún wọn ní oògùn ní àsìkò, wọn yóò máa yí wọn padà kí egbò má bàa dá sí wọn lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ń jiyàn pé iṣẹ́ gidi nìyẹn. Àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ kò fẹ́ kí ó jáde sí gbangba, ni ti ìrìn tó wà láàárín ilé aláìsàn kan sí ilé òmíràn. Ta ló yẹ kó san owó rẹ̀?

Ìdáhùn tí wọ́n ń fún un títí di òní ni pé kí olùtọ́jú fúnra rẹ̀ san án. Ìrẹ́jẹ ni ìdáhùn yìí, ó sì ti pẹ́ tó láti máa pe ìrẹ́jẹ ní àṣà iṣẹ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀ ṣe rí. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni Ìbàfò wà, ṣùgbọ́n Èkó ló ń tì í lẹ́yìn tó fi ń fẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ náà ní ọdún 1978 ni ilé ti ń tẹ̀ lé ilé, láti Bẹ́gà dé Arépò, Mágbòrò, Ìbàfò àti Mowé. Àwọn tí owó ilé lé kúrò ní Èkó ń bẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó fi owó ìfẹ̀yìntì wọn kọ́ ilé síbẹ̀ kí wọ́n lè rí afẹ́fẹ́ sinmi. Àwọn wọ̀nyí ni ogbó ti dé bá báyìí. Àwọn ọmọ wọn wà ní Èkó, ní Àbújá, ní Ìlú Ọba, ní Kánádà. Ẹni tí yóò gbé bàbá dìde lórí ibùsùn ní aago méje àárọ̀ kò sí nílé mọ́, àfi kí wọ́n gbà á.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò sì dà bí ọ̀nà tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé. Àárín ìlú kan sí èkejì, ọ̀nà márosẹ̀ ni. Bí ènìyàn bá yà kúrò lórí rẹ̀, erùpẹ̀ ni. Bí òjò bá sì rọ̀, ẹrẹ̀ ni, ọlọ́kadà á sì gbé owó lé e. Ẹni tó bá ní ilé mẹ́ta láti dé lójúmọ́ yóò wọ ọ̀kadà, yóò wọ dáńfó, yóò wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, yóò tún padà wọ dáńfó.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣírò rẹ̀. Kí olùtọ́jú kan ti inú Ìbàfò bẹ̀rẹ̀ níbi aláìsàn àkọ́kọ́, kí ó gun ọ̀kadà 400 náírà jáde sí ọ̀nà ńlá, kí ó wọ ọkọ̀ 400 náírà dé Mowé, kí ó fi 300 náírà wọ kẹ̀kẹ́ wọ ọ̀nà Ọ̀fàdà lọ bá aláìsàn kejì, kí ó sì fi 700 náírà padà bọ̀ wá bá ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní Arépò. 1,800 náírà nìyẹn, a ò sì tíì ka owó tó fi kúrò ní ilé tirẹ̀ ní àárọ̀ àti èyí tí yóò fi padà síbẹ̀ ní alẹ́. Bí ó bá ṣe iṣẹ́ fún ọjọ́ 26 lóṣù, ó ti di 46,800 náírà. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 jẹ́ 77,000 náírà. Ká ní iye yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ ń san fún un, 30,200 náírà ni yóò kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn tó bá ti bá ilé-iṣẹ́ san owó ọkọ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ ni, ilé-iṣẹ́ ló bá san án. Ilé-iṣẹ́ ló sọ pé kí ó lọ sí Mowé, ilé-iṣẹ́ ló sọ pé kí ó dé Arépò kí aago mẹ́rin tó lù.

Owó nìkan kọ́ ni ọ̀nà ń jẹ. Àsìkò ń lọ pẹ̀lú. Bí olùtọ́jú bá lo wákàtí mẹ́fà nínú ilé mẹ́ta, tó sì lo wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wákàtí mẹ́sàn-án ló fi ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ wákàtí mẹ́fà ni wọ́n san fún un, ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá sì rò pé ó lè fi wákàtí mẹ́ta yẹn ṣe nǹkan mìíràn, kí ó gbìyànjú láti ta ọjà tàbí láti fún ọmọ lọ́mú nínú dáńfó tó dúró sójú kan lórí Long Bridge.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí nísinsìnyí? Pẹ̀lú gbólóhùn kan tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀: “Ẹ gbà, ẹ fi wọkọ̀.” Bí inú ìyàwó ilé bá dùn, bí bàbá bá sùn dáadáa ní òru, bí owó bá ti wọlé láti òkè òkun, wọn yóò na 1,000 náírà sí olùtọ́jú bó ṣe ń jáde lọ. Òun náà yóò kúnlẹ̀, yóò dúpẹ́, yóò gbàdúrà fún àwọn ọmọ ilé. Ohun tó dára ni ẹ̀bùn nílẹ̀ Yorùbá, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bú u. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbèsè bá wọ aṣọ ẹ̀bùn, ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ló máa ń kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ní ọjọ́ tí inú wọn kò bá sì dùn ńkọ́? Ọkọ̀ kò ní tìtorí ìyẹn gbé e ní ọ̀fẹ́. Ó tún ní ewu mìíràn: olùtọ́jú tó ń retí “fi wọkọ̀” kò ní lè sọ òtítọ́ fún ẹbí nígbà tó bá yẹ. Kò ní lè sọ pé wọn kò ra ìlédìí àgbà tó tó, tàbí pé oúnjẹ bàbá ti pọ̀ ní iyọ̀ jù. Ẹni tó ń wo ojú ènìyàn kí ó tó rí owó ọkọ̀ padà sílé kì í bá a wí.

Àwọn baba ńlá wa kò ṣe báyìí. Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ sí oko rẹ̀ mọ̀ pé òun ni yóò pèsè oúnjẹ àti omi fún àwọn tó wá bá a ro oko. Bí oko bá jìnnà, òun náà ló ń ro bí wọn yóò ṣe dé ibẹ̀. Kò sí ẹni tí í sọ fún elégbè ọ̀wẹ̀ pé kí ó gbé iṣu tirẹ̀ wá láti ilé.

Àwọn onílé-iṣẹ́ ní èsì tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú jáde: owó ọkọ̀ ti wà nínú owó oṣù. Ó yẹ kí a yẹ èsì yìí wò dáadáa, nítorí ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Bí owó ọkọ̀ bá wà nínú owó oṣù, iye mélòó ni? Wọn kò mọ̀. Ṣé ẹni tó ní aláìsàn kan ní Ìbàfò àti ẹni tó ní mẹ́ta láti Arépò dé Mowé ń gba iye kan náà? Iye kan náà ni. Nígbà tí owó epo wọ́n, ṣé owó tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ sí i? Rárá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Epo tí jálá rẹ̀ kò tó 200 náírà ní ilé epo ìjọba tẹ́lẹ̀ kọjá 500 náírà láàárín oṣù méjì, nígbà tó sì fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, 998 náírà ni wọ́n ń tà á ní ilé epo NNPC ní Èkó. Àwọn awakọ̀ kò dúró de ìpàdé kankan kí wọ́n tó fi kún owó ọkọ̀. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá gbà pé ẹrù náà wúwo, wọ́n sì fọwọ́ sí 35,000 náírà lóṣù gẹ́gẹ́ bí owó ìrọ̀rùn fún òṣìṣẹ́ wọn fún oṣù mélòó kan. Owó tí olùtọ́jú ní Ìbàfò “ti ní nínú owó oṣù” kò mira kúrò níbi tó wà. Nígbà náà, kì í ṣe owó ọkọ̀. Orúkọ lásán ni.

Ìjọba tiẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa níbi tó bá kan àwọn ọ̀gá tirẹ̀. Bí wọ́n bá rán ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ ìjọba láti Abẹ́òkúta lọ sí Àbújá fún iṣẹ́, ìlànà iṣẹ́ ìjọba fún un ní owó ìrìnnà àti owó ìsùn. Bí ó bá gbé ọkọ̀ tirẹ̀, wọ́n ń ka kìlómítà fún un. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ó ti wà nínú owó oṣù rẹ̀. Èéṣe tí kìlómítà ọ̀gá fi jẹ́ kìlómítà, tí ti olùtọ́jú fi jẹ́ ìrìn gbẹ̀fẹ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yani lẹ́nu jù lọ ni inú ìwé òfin. Òfin kan wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2010 tó dá lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Àjọ NSITF ló ń bójú tó o, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò náà. Òfin yìí kò dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Ó sọ pé bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́ láàárín ibi iṣẹ́ àti ilé rẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìtanràn. Ìyẹn ni pé bí dáńfó bá dojú dé lórí ọ̀nà márosẹ̀ tí ẹsẹ̀ olùtọ́jú sì kán, òfin gbà pé ẹnu iṣẹ́ ló wà. Bí ó bá dé láyọ̀ ńkọ́, tó sì san owó ọkọ̀ fún awakọ̀? Agbanisíṣẹ́ ní kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àfi kí ẹsẹ̀ kán kí ìrìn tó di iṣẹ́!

Òótọ́ ni pé òfin ní ihò tí àwọn ènìyàn ń gbà yọ́. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ti ọdún 2019, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2024 tó fi di 70,000 náírà ní gbogbo Nàìjíríà, kò de ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé 25. Òfin iṣẹ́ náà kò ka ẹni tí a gbà fún ohun tí kì í ṣe òwò agbanisíṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, èyí tó fi jẹ́ pé ẹni tí ẹbí fúnra wọn gbà láti tọ́jú ìyá wọn bọ́ síta. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń rán olùtọ́jú káàkiri kò lè sá pamọ́ sábẹ́ ìyẹn, nítorí òwò rẹ̀ gan-an ni ìtọ́jú. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé bí wọ́n bá ń gba owó lọ́wọ́ ẹbí, wọ́n á ní àwọn ni wọ́n ni olùtọ́jú. Bí ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ bá dé, wọ́n á ní alárinà lásán ni àwọn. Ẹnu méjì nìyẹn. “Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù,” ni àwọn àgbà wí. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rù òun gẹ́gẹ́ bí ẹni tó rán wọn níṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣe bí àlejò nígbà tí owó iṣẹ́ náà bá dé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àlá ni èyí, pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí gan-an ní Ìlú Ọba. Láti oṣù Kejì ọdún 2022 ni ìjọba ibẹ̀ ti ṣí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú fún àwọn olùtọ́jú láti òkèèrè, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn náà ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025. Àwọn tó wọlé lásìkò náà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àkókò ìrìn láàárín ilé kan sí èkejì. Òfin ibẹ̀ kà á mọ́ àkókò iṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń wò ó bóyá owó òṣìṣẹ́ tó iye tó kéré jù lọ. Ìrìn láti ilé olùtọ́jú lọ bá aláìsàn àkọ́kọ́ kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn láàárín ilé aláìsàn kan sí òmíràn wà nínú rẹ̀. Fún ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ tirẹ̀, agbanisíṣẹ́ lè san tó pẹ́nsì 45 fún máílì kọ̀ọ̀kan, fún 10,000 máílì àkọ́kọ́ lọ́dún, láìjẹ́ pé agbowó-orí fọwọ́ kàn án. Òfin kò fi dandan lé e pé kí wọ́n san iye yẹn, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni kò sì san tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí owó epo tí òṣìṣẹ́ ná sẹ́nu iṣẹ́ bá fa owó rẹ̀ wálẹ̀ ju iye tó kéré jù lọ, agbanisíṣẹ́ ti rú òfin.

Ibẹ̀ náà kò sì jẹ́ Párádísè. Ìjà ni wọ́n jà. Ní agbègbè Haringey ní ìlú London, àwọn olùtọ́jú mẹ́wàá gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sí ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UNISON. Àkókò tí wọ́n lò nínú ilé àwọn aláìsàn nìkan ni wọ́n ń san fún wọn. Ọ̀nà àti ìdúró láàárín ilé kan sí òmíràn di òfo. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ dá wọn láre pé àkókò ìrìn àti ti ìdúró jẹ́ àkókò iṣẹ́, owó tí wọ́n gbà sì lé ní 100,000 pọ́ún.

Ohun kan wà tó yẹ kó mú ìtìjú dání. Kò ṣòro láti rí ọmọ Ìbàfò tó ń ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú ní Ìlú Ọba, tó ń bínú gidigidi bí ọ̀gá rẹ̀ bá yọ máílì mẹ́ta kúrò nínú ìṣirò, tó sì ń fi owó náà ránṣẹ́ sílé kí wọ́n fi san owó olùtọ́jú ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni òun àti obìnrin tó ń wẹ ìyá rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tó bá wá di ti owó ọkọ̀ ti obìnrin yìí, “ẹ fún nọ́ọ̀sì ní nǹkan kékeré fi wọkọ̀” ni yóò sọ lórí WhatsApp.

Ṣíṣètò owó yìí kò le. Kí ilé-iṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, lọ́tọ̀ sí owó oṣù, pé ìrìn láti ilé aláìsàn kan dé èkejì, ilé-iṣẹ́ ló ni ín, owó àti àkókò rẹ̀. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ èrò, iye tí ọkọ̀ ń gbà ní ọ̀nà náà ni kí wọ́n san fún un. Ẹni tó bá ní ọ̀kadà tàbí mọ́tò tirẹ̀, kí wọ́n ka kìlómítà fún un, kí iye orí kìlómítà náà sì máa yí padà bí owó epo bá yí padà, láìdúró de ọdún tuntun. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni kí wọ́n máa san án, nítorí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò lè máa yá ilé-iṣẹ́ lówó fún ọgbọ̀n ọjọ́. Kí ilé-iṣẹ́ tún lo làákàyè nígbà tó bá ń pín iṣẹ́: ẹni tó ń gbé ní Mowé kò yẹ kó máa lọ sí Arépò kí ti Arépò máa wá sí Mowé, kí wọ́n máa pàdé lórí ọ̀nà. Ó dà bíi pé àwọn onílé-iṣẹ́ kò rí ìyẹn títí di ìsinsìnyí nítorí pé àpò wọn kọ́ ni ìdàrúdàpọ̀ náà ń jẹ. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ọkọ̀, wọn yóò rí i.

Wọ́n á ní àwọn olùtọ́jú yóò máa purọ́ owó ọkọ̀. Owó ọkọ̀ láti Ìbàfò sí Mowé kì í ṣe àṣírí. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró ní gáréèjì fún ìṣẹ́jú márùn-ún yóò gbọ́ ọ lẹ́nu kọ̀ńdọ́. Kí wọ́n kọ iye náà sílẹ̀ fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa tún un wò lóṣooṣù, irọ́ ti parí.

Èyí tó ṣòro ju ìyẹn lọ ni ti àwọn ẹbí tí kò ní lọ́wọ́. Ẹ̀dùn gidi ni. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tó ń retí owó ìfẹ̀yìntì tí kò dé déédéé, kò ní oríta méjì tí yóò ti mú owó. Bí owó ìtọ́jú bá gbẹ́nu sókè, ó lè dá olùtọ́jú dúró, kí ó sì fi ìyàwó rẹ̀ tí ẹ̀yìn ń dùn sẹ́nu iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kí a bi ara wa léèrè ẹni tó ń san owó náà nísinsìnyí. Obìnrin tí kò ní tó olùkọ́ ọ̀hún ni. Àìní ẹbí kì í ṣe ìdí tí a ó fi gbé e ka orí ẹni tó tálákà jù wọ́n lọ. Ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ ti wúlò nìyí. Bí wọ́n bá lè wá owó fún ètò àwọn arúgbó nígbà ìbò, wọ́n lè wá owó ọkọ̀ fún ẹni tó ń tọ́jú arúgbó náà lẹ́yìn ìbò.

Ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú ní ọ̀pá lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń gba ènìyàn síṣẹ́ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ mínísítà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kí mínísítà sọ pé ẹni tí àdéhùn rẹ̀ kò bá sọ ohunkóhun nípa owó ìrìnnà kò ní rí ìwé náà gbà. Òfin iṣẹ́ tún fún un ní agbára láti ṣe ìlànà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ènìyàn, èyí tí yóò kan àwọn tí ẹbí gbà fúnra wọn. Kò nílò òfin tuntun kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kò tiẹ̀ nílò mínísítà. Ìwé tí wọ́n ń fún ẹbí láti fọwọ́ sí ti ní àyè fún owó ìforúkọsílẹ̀, fún iye wákàtí, fún ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹbí bá fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ olùtọ́jú. Ìlà kan ṣoṣo ni owó ọkọ̀ yóò gbà nínú rẹ̀.